Ilé Búlọ́ọ̀kù Tí Mo Kọ́ fún Màmá Mi Létí Òkun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n tú ọ̀rọ̀ kan síta tó ti ń gbé nínú mi láti ọdún pípẹ́. Ẹ máa rí ibi tí ẹ ó ti fi mí rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n ni.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Abúlé wa wà létí òkun, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ilẹ̀ Oǹdó ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni Màmá mi bí. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí bàbá mi fi kú, tí wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan ní Àkúrẹ́ láti kàwé. Ìwé yẹn náà ló gbé mi dé Abuja.

Abuja! Gbogbo èèyàn ló kí mi kú oríire nígbà tí mo ríṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè wà láàárín èrò rẹpẹtẹ kó má rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni mo gbà ní Nyanya. Láàárọ̀, màá bá wọn du bọ́ọ̀sì wọ ìlú. Nírọ̀lẹ́, màá bá wọn du bọ́ọ̀sì padà. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì á kí mi lédè Hausa, á ní sànnu, èmi á dáhùn, má ní yauwa, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé yauwa nìkan ni ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn tí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì.

Bí àárò ilé bá ń sọ mí jù, mo máa ń lọ sí Jabi lọ́jọ́ Sátidé láti lọ wo adágún omi ibẹ̀. Màá jókòó, màá jẹ ẹ̀pà, màá wo omi náà títí. Omi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dún. Ọmọ etí òkun ò lè fi omi tí kì í dún tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé. Kí ni ọmọ tálákà tó bá dé Abuja máa ń kọ́kọ́ rò? Ṣé kì í ṣe ilé ni! Lábúlé wa, pákó la fi ń kọ́lé, a ó gbé e sórí òpó igi kí omi lè máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní Maitama, tí mo ń wo àwọn ilé tí fẹ́ǹsì wọn ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí nítorí pákó. Mo ní lágbára Ọlọ́run, ìyá tèmi náà á gbé ilé búlọ́ọ̀kù.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi mu gààrí nítorí ilé yẹn. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá rọra bi mí pé ṣé pákó kò ní dáa jù báyìí. Inú bí mi! Mo ní ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ará oko títí ayé ni? Wọn ò tún dá a sọ mọ́. Ìbéèrè kan péré, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó sìmẹ́ńtì, búlọ́ọ̀kù àti páànù dé abúlé. Mo ní kí wọ́n kùn ún ní búlúù. Yàrá mẹ́ta ni, Màmá sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún mi, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Ọjọ́ tí a ṣí ilé náà, gbogbo abúlé ló wá jó. Wọ́n ní obìnrin ló kọ́ ọ o, wọ́n ní àwọn ọmọkùnrin dà? Màmá ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀ kí n tó padà síbi iṣẹ́.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà tí ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, ará Nàsáráwá ni, onísùúrù èèyàn. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa etí òkun ilẹ̀ wa: ìtàn ibẹ̀, àwọn ẹja ibẹ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀. Alhaji nàka sí mi, ó ní, "Kai, Moji! You be water person, na you go write am."

Mo ní yes sir. Ta ló máa sọ pé òun ò mọ ilé ara òun? Àmọ́ ní tòótọ́, kí ni mo mọ̀? Ẹni tó ti fi abúlé sílẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá! Mo mọ edé àti akàn, mo mọ ẹja tí wọ́n bá ti yan. Bí ẹ bá gbé ẹja tútù mẹ́wàá síwájú mi, bóyá ni mo fi máa dá mẹ́rin mọ̀.

Ni mo bá sáré tọ Màmá lọ. Ìgbà yẹn, fóònù GSM ti dé abúlé wa, mo sì ti ra kékeré kan fún wọn, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn la máa ń sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé dáadáa, nítorí náà ìta ni Màmá máa ń dúró sí, mo sì máa ń gbọ́ òkun lẹ́yìn wọn. Mo tún máa ń gbọ́ àwọn aládùúgbò. Ìyá Débọ̀, tí ilé pákó rẹ̀ wà níwájú tiwa, á já fóònù gbà lọ́wọ́ Màmá, á ní Mojí, ọkọ dà? Àwọn ọmọdé á máa pariwo orúkọ mi. Inú á máa bí mi nítorí káàdì mi tó ń lọ!

Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ní Nyanya náà ló tún ń sá fún ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?

Màmá sọ̀rọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní obòkún inú òkun, akọ rẹ̀ ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu, kò sì ní jẹun títí àwọn ọmọ á fi jáde. Wọ́n ní ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn, á sì jìnnà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ etíkun tí wọ́n ti bí i ló máa padà sí. Wọ́n wá fi kún un pé ẹranko lásán náà máa ń wálé o. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo ní Màmá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹja.

Wọ́n sọ bí ìyá wọn àgbà ṣe máa ń se omi òkun nínú ìkòkò títí á fi di iyọ̀, tí àwọn ará òkè á sì gbé iṣu àti aṣọ wá pààrọ̀. Mo bi wọ́n pé ibo gan-an ni wọ́n ti ń se é. Wọ́n ní ibẹ̀ ti wà nínú omi báyìí, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ti ń ju ìdákọ̀ró. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún fàlà sí i nídìí. Mo ní ìtàn tó dùn nìyí. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti bi wọ́n pé báwo ni ibi tí ìyá àgbà ẹnìkan ti ń se iyọ̀ ṣe di ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ilé nínú ìwé náà, ẹ gbọ́ ohun tí èmi Mojí fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo kọ ọ́ pé àìlówó ló ń mú kí àwọn ará etí òkun máa fi pákó kọ́lé. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì lọ jẹun.

Oṣù ń gorí oṣù. Mo ṣàkíyèsí pé ìpè wa ti ń dákẹ́ sí i. Ìyá Débọ̀ kò já fóònù gbà mọ́. Àwọn ọmọdé kò pariwo mọ́. Òkun nìkan ni mò ń gbọ́, ó sì ń dún ketekete bí ẹni pé ó wà nínú fóònù. Kí ni ọ̀mọ̀wé yín rò? Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára sí i ni! Mo tilẹ̀ sọ fún Màmá pé mo ń gbọ́ wọn dáadáa nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù keje, nígbà tí òkun máa ń bínú jù, mo tún pè. Ariwo omi náà pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kúrò létíkun, ẹ wọ inú ilé kí n lè gbọ́ yín.

Wọ́n ní, "Inú ilé ni mo wà, Mojí."

Mo ní inú ilé wo? Wọ́n ní yàrá tèmi. Mo ní ṣé fèrèsé wà ní ṣíṣí ni? Wọ́n ní rárá, wọ́n ti tì í.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ẹ gbé fóònù fún Ìyá Débọ̀. Wọ́n wá ní Ìyá Débọ̀ ti ṣí lọ, láti ìgbà ọyẹ́. Mo ní àwọn ará ilé kejì ńkọ́? Wọ́n ti ṣí lọ. Ilé tó tẹ̀ lé e? Wọ́n ti ṣí lọ. Mo ní ta ló wá kù ní ìlà yẹn? Wọ́n ní àwọn ni.

Ṣé ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ yẹn. Láti ayébáyé ni òkun ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bí ó bá ti sún mọ́ ilé kan jù, àwọn ọkùnrin á kó ara wọn jọ, wọ́n á tú pákó ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á lọ tún un kàn sẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, onílé á tún ti wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dáyé. Ilé pákó lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, ó lè rìn.

Tèmi ò lẹ́sẹ̀. Gbogbo abúlé ti gbé ilé wọn rìn, ìyá mi nìkan ló kù sẹ́yìn, nítorí èmi ọmọ Abuja ti fi sìmẹ́ńtì kàn án mọ́lẹ̀ síwájú òkun. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yẹn ní àìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Mo kígbe. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Wọ́n ní báwo làwọn ṣe fẹ́ sọ ọ́, pé ilé tí mo torí ẹ̀ mu gààrí fún ọdún mẹ́ta kò ṣeé gbé? Mo ní ẹ jáde lónìí, ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Débọ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Bí mo bá jáde, wọ́n á ní òkun gba ilé ọmọ mi. Bí mo bá wà níbẹ̀, ilé ọmọ mi ṣì ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá Ìlàjẹ, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè jẹun. Mo ń lọ sí ọ́fíìsì, mo ń bọ̀, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ilé tí mo kọ́ fún ìyá mi ló fẹ́ pa á? Mo lọ bẹ Alhaji fún ìsinmi. Ó ní òun á fún mi, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Òkun ò mọ ọ̀sẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe Màmá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo pe Débọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ Ìyá Débọ̀, káfíńtà ni, ó lóun náà ti bẹ Màmá títí. Mo ní Débọ̀, kó àwọn èèyàn rẹ lọ, ẹ lọ tú páànù ilé náà. Ó ní páànù wo? Mo ní gbogbo rẹ̀. Mo mọ ìyá mi, kò sí bó ṣe máa gbé nínú ilé tí kò lórùlé. Débọ̀ ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo ní kí ẹ tú u.

Mo ní kó má pa fóònù. Ó fi í sí àpò, mo sì jókòó ní Nyanya, ní ọ̀sán gangan, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìṣó yọ nínú ilé mi. Ìṣó máa ń ké bí wọ́n bá ń fà á. Mo gbọ́ tí Màmá ń béèrè pé ta ló rán wọn. Mo gbọ́ tí Débọ̀ ní Mojí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣó nìkan ló ń dún. Mò ń sunkún, mò ń pe orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ mi nínú àpò ṣòkòtò? Bí káàdì mi ṣe tán nìyẹn. Mo jáde láìwọ bàtà láti wá ẹni tó ń tà á. Obìnrin yàrá kejì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní sànnu, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mi ò lè ní yauwa.

Débọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ pé Màmá ti wà lọ́dọ̀ àwọn. Kò pé ọjọ́ mọ́kànlá tí òkun fi wọlé.

Ṣé ẹ rò pé Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Wọn ò bá mi jà o. Ìjà ì bá sàn. Bí mo bá pè, wọ́n á ní àwọn wà dáadáa, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á sì gbé fóònù fún Ìyá Débọ̀. Oṣù márùn-ún! Mo pa ọ̀rọ̀ àìlówó yẹn rẹ́ nínú ìwé kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo kọ ọ́ pé àwọn ará etí òkun ń fi pákó kọ́lé nítorí pé wọ́n mọ òkun. Ìwé jáde, ó dára, ó ní àwọ̀ mèremère. Alhaji fún mi ní mẹ́wàá. Mi ò rí ẹni fún.

Nígbà tó di Kérésì, mo wọ mọ́tò ní Jabi, mo lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, Màmá ní kí n wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn fúnra wọn ló ń fi àjẹ̀ wà á, wọn ò sọ ibi tí à ń lọ. Omi ti fà sẹ́yìn díẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo bá rí i: ògiri búlúù, orí rẹ̀ nìkan ló yọ sókè, ọkọ̀ mẹ́rin márùn-ún sì yí i ká. Ọkùnrin kan kí wa, ó ní Ilé Mojí mà dára lónìí o.

Mo ní Màmá, kí ló ń sọ? Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹja fẹ́ràn ògiri, wọ́n máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń rí ẹja pa ní gbogbo agbègbè náà tó o báyìí. Wọ́n fa àwọ̀n wọn sókè, wọ́n yọ ẹja ńlá kan, wọ́n jù ú sí ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n ní, "Gbà. Ayálégbé rẹ nìyí. Kò san owó ilé rí."

Mo wo ojú wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn ni mo ti ń wá láti oṣù márùn-ún. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, ẹja ń jà ní ẹsẹ̀ mi, Màmá ní kí n yéé mi ọkọ̀ kí n má da àwọn sómi.

Ilé pákó ni wọ́n ń gbé títí di òní. Èmi náà padà sí Nyanya, sí yàrá kan ṣoṣo. Mi ò ní parọ́ pé kò ṣe mí bíi kí n má padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe òbí yín lóore, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn. Ìyá tó bá béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, kì í ṣe pé ó ti gbà. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ yín ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ti fi ìfẹ́ ṣe fún ẹni yín tó padà di ẹrù sí i lọ́rùn? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú, èmi ti kọ tèmi. Bí ẹ ò bá sì ní nǹkan tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ kúkú pe ilé, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.